Ìgò Kékeré Inú Fíríìjì Màmá

"Ó tò," ni Dókítà Abọ́dúnrìn wí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. "Wọ́n pè mí láti òkè òkun láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn gbé hóró òòfà wa sínú ẹ̀rọ òtútù, àwọn ń mú òtútù náà le sí i díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì débì kan, gbogbo rẹ̀ tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà."

Àìná kò jókòó. Òjò ti pa á láti Àjàngbádì, omi ṣì ń kán láti etí aṣọ rẹ̀ sórí símẹ́ǹtì ọ́fíìsì náà. "Kò yẹ kó tò, sà."

"Mo mọ̀ pé kò yẹ kó tò. Ìwọ lo sọ fún mi pé kò ní tò, èmi ni mo lọ sọ fún àwọn ará ibẹ̀. Ó tò, Àìná."

Ọdún kejì rèé tí Àìná ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí náà. Olùkọ́ ni ní iléèwé girama kan ní Àjàngbádì. Bí aago iléèwé bá ti lù, á kó bàtà onígìgísẹ̀ rẹ̀ sínú báàgì, á wọ sálúbàtà, á sì kọjá sí yunifásítì ní Ọ̀jọ́, níbi tó ti ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ físíìsì. Ọ̀nà tó gbà débẹ̀ kò tẹ́jú. Epo kẹrosíìnì ló ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Òkókómáíkò nígbà tó ń lọ sí ẹ̀kọ́ àṣálẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé kì í sì í fẹ́ jókòó tì í nítorí òórùn ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí orúkọ gbogbo àwọn tó dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó sì tún rántí ẹnì kan ṣoṣo tí kò dìde.

Òòfà kan ló ń ṣe, kékeré, róbótó bí hóró oògùn ibà. Erùpẹ̀ irin kan tó ṣọ̀wọ́n ló fi ń ṣe é, lúbúlúbú tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Dókítà Abọ́dúnrìn, tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, ló gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lókè òkun, ìgò kékeré kan péré. Àìná ti fi ìṣirò rí i pé bó ti wù kí òtútù mú òòfà yìí tó, kò ní fara balẹ̀ bí àwọn òòfà yòókù. Ṣùgbọ́n irú òtútù tí wọ́n lè fi dán an wò kò sí nítòsí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi hóró àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sókè òkun, ìdí sì nìyẹn tí ìpè àárọ̀ yìí fi dà bí ìgbà tí wọ́n gbá a létí.

"Sátidé ni mo ń lọ," ni Dókítà tún wí. Iṣẹ́ ọdún kan ni wọ́n fún un lọ́hùn-ún. Lọ́dún 1991 yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oṣù kan tí olùkọ́ kan kò di ẹrù rẹ̀. "Wọ́n ní tí a bá ní òmíràn, kí n mú un dání. Àyè ìkẹyìn tí a ní lórí ẹ̀rọ náà nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ló kàn."

"Lúbúlúbú tó kù ṣì tó ẹyọ kan ṣe, sà."

"Ẹyọ kan tó máa tò bíi ti àkọ́kọ́." Ó fi awò rẹ̀ padà sójú. "Gbọ́ mi. Kọ ìṣirò rẹ nìkan. Ìṣirò náà dára, wọ́n á fún ọ lóyè. O ò tiẹ̀ ní mẹ́nu kan òtútù."

"Tí wọ́n bá wá bi mí pé ṣé a dán an wò ńkọ́?"

Dókítà yíjú sí fèrèsé, níbi tí òjò ti ń ṣan gíláàsì. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ há òun lọ́fun. "Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn," ó wí níkẹyìn. "Àṣìṣe kan wà níbì kan. Lọ wá a rí. Bí hóró tuntun kò bá wọ ìléru ní Ọjọ́rú, kò lè bá mi mọ́. Bó ò bá sì rí àṣìṣe náà, má fi ìwọ̀nba lúbúlúbú yẹn ṣòfò. Mi ò lè gbé ohun kan náà lọ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Má tíì dúpẹ́. Lọ nu ara rẹ ná, kí òtútù má lọ mú ọ."

Ilé àyẹ̀wò ni Àìná gbà lọ, kò nu ara kankan. Ẹ̀hìndé ló ń bójú tó ibẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. Òun ló ń tan ìléru, òun ló sì ń wọn nǹkan bí Àìná bá ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ni ó wí kí Àìná tó la ẹnu. "Ẹ ò ní bá mi wí o, Àǹtí. Ìléru mi ò mọ nǹkan kan."

"Ta ló dárúkọ ìléru rẹ?"

"Ojú yín ló dárúkọ rẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ yìí kò gba àbùlà: lúbúlúbú mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú àti funfun méjì, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ pé géérégé. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ dín, òòfà mìíràn tí wọn kò pè ni yóò hù láàárín rẹ̀ nínú iná, bí èpò láàárín ọkà. Bóyá èpò yẹn ló tò lókè òkun. Wọ́n gbé òkúta òṣùwọ̀n sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ̀. Wọ́n yẹ odó tánganran tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ wò, wọ́n yẹ ife amọ̀ tó ń gbé e wọná, wọ́n yẹ iná ìléru wò bóyá ó gbóná dé ibi tó ń pè. Gbogbo rẹ̀ pé.

Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn Ìṣẹ́gun, Àìná gba àyè kúrò níléèwé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, Ẹ̀hìndé fara ti ògiri, ó ṣí fìlà.

"Ó kù kí ẹ yẹ èmi náà wò, Àǹtí."

"Kí ni kí n yẹ̀ wò lára rẹ?"

"Bóyá ọwọ́ mi ni kò dáa. Ìyàwó mi ní gbogbo ohun tí mo bá tún ṣe nínú ilé, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ń bàjẹ́ tán pátápátá."

Àìná fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Jẹ́ kí n lọ gbé ìgò náà wá lọ́la bí ọkàn mi bá gbà á. Bí kò bá gbà á, màá gba ohun tí Dókítà wí."

"Kí ni ọkàn yín ń sọ báyìí?"

"Ó ní kí n lọ sùn."

Àdúgbò Ìbà ni Àìná àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́rin tí ìyá ọkọ rẹ̀ jogún. Ọmọ Ọ̀tọ̀-Àwórì ni Màmá, obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn. Iwájú ilé náà ló ti ń ta mínírà àti omi tútù. Fíríìjì ńlá kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Àlàní, ọkọ Àìná, tó ń ṣe iná ọkọ̀ ní Òkókómáíkò, ló tún un ṣe fún un láti ara fíríìjì mẹ́ta tó ti kú.

Inú fíríìjì yìí ni ìgò lúbúlúbú náà wà. Kò sí ibòmíràn tí ì bá wà. Àgádágodo kọ́bọ́ọ̀dù ilé àyẹ̀wò ti bàjẹ́, Àìná kò sì lè fi irú ìṣúra bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni ẹlẹ́ni wá gbé e. Ní àdúgbò wọn, fíríìjì ni àpótí ohun iyebíye. Oògùn ojú wà níbẹ̀. Omi àdúrà láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí Màmá ń lọ wà níbẹ̀. Yẹtí wúrà tí Màmá fi ọ̀rá wé wà lábẹ́ ẹja yíyan nítorí olè. Èèrà kì í débẹ̀, aáyán kì í débẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Àìná kọ́kọ́ gbé ìgò náà wálé, Màmá gbé e sókè sójú oòrùn. "Ìyàwó mi, kí lèyí? Ṣé àtíkè ni?"

"Iṣẹ́ mi ni, Màmá."

"Iṣẹ́ àtíkè?"

Àìná jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, ó ṣàlàyé fún un bó ti ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin mẹ́ta jókòó yí ara wọn ká. Èkíní ní ibi tí èkejì bá kọjú sí, òdìkejì ibẹ̀ lòun máa kọjú sí. Èkejì náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Orogún ni wọ́n."

"Ó dáa, orogún ni wọ́n. Èkíní kọjú sókè, èkejì kọjú sísàlẹ̀. Ibo ni ẹ̀kẹta máa kọjú sí?"

Màmá ronú sí i. "Bó bá kọjú sókè, ó ti gba ti èkíní. Bó bá kọjú sísàlẹ̀, ó ti gba ti èkejì." Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí! Kò ríbi kọjú sí! Ṣùgbọ́n, ìyàwó mi, àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù."

"Nínú irin tèmi, Màmá, mẹ́ta yẹn gan-an ló ń dà á nù. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n jókòó nínú rẹ̀, wọn ò lóǹkà. Àwọn òòfà yòókù, bí òtútù bá mú wọn tó, wọ́n á fara balẹ̀, kálukú á sì dúró síbi tirẹ̀. Mo ní àwọn wọ̀nyí ò ní fara balẹ̀ láé. Bí wọn ò bá fara balẹ̀, iṣẹ́ mi yọrí nìyẹn."

"Ìyàwó mẹ́ta tó wà lọ́ọ̀dẹ̀ bàbá mi lo ń sọ yẹn," ni Màmá wí. "Ọyẹ́ mú, òjò rọ̀, wọn ò fara balẹ̀. Ẹni tó bá sùn nínú wọn gan-an, ojú rẹ̀ kan á ṣí sílẹ̀." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìgò náà sínú fíríìjì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi àdúrà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ ilé tó jẹ́ na ọwọ́ sápá ibẹ̀.

Ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun yìí, nígbà tí Àìná dé láti Ọ̀jọ́, Màmá wo ojú rẹ̀. Ó mú mínírà kan, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Mu ún. Ètè rẹ ti gbẹ."

Àìná kò tíì ṣí i. Ó kó bébà ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì kejì jáde láti inú báàgì, kó lè ní ohun tí yóò máa wò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó ka ti ẹnì kan, ó fi máàkì sí i. Ó ka ti ẹlòmíràn. Nígbà tó fẹ́ mú ẹ̀kẹta, bébà náà rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Omi ti rin ín láti ìdí ìgò mínírà náà, omi tó dá òrùka sórí bẹ́ǹṣì.

Ó wo ìgò náà. Ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ pinpin. Ìgò náà kò jò, síbẹ̀ omi ń ṣàn lára rẹ̀ bí òógùn lára ẹni tó ru símẹ́ǹtì.

Ó wo bébà tó rin. Ìbéèrè kẹrin ni ó wà lójú ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn: *Kí nìdí tí omi fi ń yọ lára ìgò tútù tí a bá gbé e sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná?* Ọmọ náà ti dáhùn pé omi inú afẹ́fẹ́ ni. Ó gbà á.

Àìná dìde tó bẹ́ẹ̀ tí bẹ́ǹṣì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí fíríìjì, ó mú ìgò lúbúlúbú jáde, ó sì gbé e dúró sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí kùukùu fi bo ara ìgò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Má dààmú ara rẹ," ni Màmá wí láti ẹnu ọ̀nà. "Mo ti nù ún láàárọ̀."

Àìná yíjú padà. "Ẹ nu kí ni, Màmá?"

"Ìgò náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e jáde, mo ń nù ún. Ó máa ń làágùn."

"Ẹ kì í ṣí i ṣá?"

"Mo máa ń ṣí i." Màmá sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iṣẹ́ rere. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ tí mi ò bá ṣí i? Ṣebí ìwọ lo ní bí òtútù ò bá mú wọn fara balẹ̀, iṣẹ́ rẹ yọrí nìyẹn. Mo ń bá ọ ṣọ́ wọn. Màá ṣí i, màá wò wọ́n dáadáa, màá gbàdúrà kékeré sí i pé kí wọ́n má gbà, kí wọ́n má fara balẹ̀, màá sì dé e padà."

Àìná wo ẹnu ìgò náà. Ojoojúmọ́, nínú afẹ́fẹ́ Ìbà, nínú òjò, nígbà tí iyọ̀ gan-an ń sunkún nínú ike. Lúbúlúbú tútù, ẹnu ìgò ní ṣíṣí. Ó ti mu omi yó kó tó dé orí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n náà kò purọ́. Omi ni wọ́n ń wọ̀n mọ́ ọn. Ta sì ni kó bá wí? Òun ló gbé e sínú fíríìjì, òun tó ń fi ìbéèrè kẹrin dán ọmọ ọlọ́mọ wò.

Màmá ti rí ojú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kí ló dé? Ṣé mo ṣe nǹkan ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí Ọ̀jọ́ ná, Màmá."

"Ìyàwó mi, mo bi ọ́ léèrè."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó ná."

Ó fi aṣọ wé ìgò náà, ó jáde. Mínírà tí kò ṣí wà níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, Màmá sì dúró tì í, kò jókòó.

Ẹ̀hìndé ti ń ti ilẹ̀kùn ilé àyẹ̀wò nígbà tó bá a. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé ọwọ́ lé orí. "Ẹ kó o sínú fíríìjì! Àǹtí, èmi náà ì bá kó o síbẹ̀. Ibo lèèyàn ń kó nǹkan sí?"

Ní kùtù Ọjọ́rú, wọ́n wọn lúbúlúbú náà bó ti wà. Lẹ́yìn náà, wọ́n dà á sínú ife amọ̀, wọ́n gbé e sínú iná títí ó fi pọ́n, wọ́n jẹ́ kó tutù nínú ìgò onídèérí tí wọ́n kó hóró tó ń fa omi mu sí nídìí, wọ́n sì tún un wọ̀n. Ó ti fúyẹ́. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Kò tíì tó," ni Àìná wí. "Dá a padà."

Wọ́n yan án, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un yan, wọ́n tún un wọ̀n, títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi yí padà mọ́. Ohun tó gbẹ tán wà níbẹ̀, lúbúlúbú gidi, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bí wọ́n ti rò. Apá tó ti pòórá jẹ́ omi.

Ẹ̀hìndé fa ètè. "Kò lè tó hóró odindi mọ́, Àǹtí. Ṣé kí a fi èyí tó wà ṣe é bẹ́ẹ̀, kí a máa fi funfun méjèèjì dí i?"

"Ohun tó bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kíní nìyẹn. Dín funfun méjèèjì kù kó bá a mu. Kí hóró náà kéré."

"Bí àwọn ọ̀hún bá ní ó kéré jù ńkọ́?"

"Hóró kékeré tó jẹ́ òótọ́, wọ́n ṣì lè fi í sínú òtútù. Kí ni wọ́n máa fi ńlá tó jẹ́ irọ́ ṣe?"

Ẹ̀hìndé kí i bí ṣójà. Àwọn funfun náà, wọ́n yan wọ́n kí wọ́n tó wọ̀n wọ́n, nítorí ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Àìná lọ̀ wọ́n pọ̀ nínú odó tánganran títí apá fi ń ro ó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ di hóró. Kí oòrùn tó kúrò lójú fèrèsé, ó ti wọ ìléru, Ẹ̀hìndé sì gbé àga sí iwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọbẹ̀ àlejò.

Ní Ẹtì, wọ́n gbé e jáde. Hóró àkọ́kọ́ ní àbàwọ́n níbí lọ́hùn-ún, wọ́n sì rò nígbà náà pé bó ti yẹ kó rí nìyẹn. Èyí kò ní àbàwọ́n kankan. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló gba gbogbo ara rẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó mọ́ tónítóní. Ìwọ̀n rẹ̀ bá ìṣirò Àìná mu, kò dín, kò lé.

Dókítà Abọ́dúnrìn gbé e sí abẹ́ awò ńlá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó dà bí ẹni tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà fún. "Àìná, èyí yàtọ̀. Kí lo ṣe?"

Ó sọ fún un. Kò yọ fíríìjì kúrò, kò yọ ara rẹ̀ kúrò. Ó ní ìgò náà máa ń di ṣíṣí ní ojoojúmọ́ nínú ilé, kò dárúkọ ẹni tó ń ṣí i.

Dókítà fọwọ́ nu iwájú orí. "Èmi náà kò bi ọ́ rí pé ibo lò ń kó o sí. Ó yẹ kí n bi ọ́." Ó gbé hóró náà kúrò lábẹ́ awò. "Ó dáa. Màá sọ fún wọn pé èyí sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sídìí tí a fi máa sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Sà, wọ́n ti gba ti àkọ́kọ́ gbọ́."

"Wọ́n á gba ti èyí náà gbọ́."

"Bí ọ̀kan bá ní ó tò, tí èkejì ní kò tò, èwo ni wọ́n máa mú? Èyí tó wù wọ́n ni. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sọ ohun tó ba àkọ́kọ́ jẹ́ fún wọn."

"Kí n dúró níwájú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn," ni Dókítà wí, ohùn rẹ̀ sì ga díẹ̀, "kí n máa sọ ọ̀rọ̀ fíríìjì oní-mínírà? O mọ bí wọ́n ṣe máa rẹ́rìn-ín tó?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, sà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wò ó."

Dókítà kúrò nídìí awò náà. Ní ìta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré lábẹ́ òjò tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó fa àga kan jáde fún un. "Jókòó. Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe rí gan-an, kí n má lọ ṣì í sọ níbẹ̀."

Ó jókòó, ó sọ ọ́. Nígbà tó dìde, tó dágbére fún Dókítà pé ọ̀nà á dára, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó dé Ìbà, ìfúyẹ́ náà ti ń dín kù. Láti Ìṣẹ́gun, Màmá kò tíì tún bi í ní ohunkóhun. Ó ń kí i, ó ń bu oúnjẹ fún un, ó sì ń yí ojú. Àlàní ti sọ fún Àìná láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pé, "Má wulẹ̀ sọ fún Màmá. Sọ pé kò sí nǹkan. Ọ̀rọ̀ kékeré máa ń pẹ́ nínú wọn." Àìná sì ti ní òun gbọ́.

Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tó dé. Kò sí oníbàárà níwájú rẹ̀.

"Dókítà ti gbà á," ni Àìná wí. "Ó ń gbé e lọ lọ́la."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa." Màmá tún súwẹ́tà rẹ̀ ṣe. Ó wo ojú títì. "Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?"

Ọ̀rọ̀ Àlàní wà lẹ́nu Àìná, ó rọrùn, ó dùn ún sọ. Ó rántí àga tí Dókítà fà jáde fún un.

"A jọ bà á jẹ́ ni, Màmá," ó wí. "Èmi ni mo gbé e sínú òtútù, ẹ̀yin lẹ ń ṣí i. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀. Ó yẹ kí n mọ̀, kò yẹ kí ẹ̀yin mọ̀. Èyí tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Èyí tó ń lọ lọ́la kò bàjẹ́."

Màmá ń fọwọ́ lọ́ etí súwẹ́tà náà. Àìná rò pé òun ti ṣàṣìsọ, pé ọ̀rọ̀ náà yóò pẹ́ nínú ìyá yìí títí ọdún yóò fi yípo.

"O ṣeun," ni Màmá wí níkẹyìn. "Láti Ìṣẹ́gun ni mo ti ń bi ara mi. Mo tiẹ̀ ti rò pé o ti ń bínú sí mi, o kàn ń fi ọ̀wọ̀ bò ó ni. Ìyẹn ló burú jù." Ó mí kanlẹ̀. "Gbogbo àdúrà mi wá di omi."

"Àdúrà yín kọ́ ló di omi, Màmá. Ìdérí ni."

Màmá wò ó fìrí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ gbá itan. "Ìdérí! Àìná, o ti gbọ́n jù." Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àyè sílẹ̀ fún un. Nígbà tí Àìná jókòó, ó rọra béèrè, "Bí wọ́n bá wò ó lọ́hùn-ún tó bá dára, ṣé wọ́n á tún fún ọ ní òmíràn?"

"Dókítà ní wọ́n á fún wa."

"Ibo la máa kó o sí?"

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù, Màmá. Nínú yàrá yín, níbi tó gbẹ, ká dé e pinpin. Kò sì gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa ṣí i."

Màmá rò ó wò. Ó mọ ara rẹ̀, kò sì fẹ́ ṣe ìlérí tí kò ní lè mú ṣẹ. "Mi ò lè fọkàn tán ara mi tán," ó wí. "Bó bá di ìdájí, ọwọ́ á máa yún mi. Ra àgádágodo sí kọ́bọ́ọ̀dù náà."

"Màá rà á," ni Àìná wí. "Ẹ̀yin ni màá sì fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."